Ní Combapata, Èémí Wọ́n

Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán,
òtútù ti jí ṣáájú gbogbo wa.
Mo gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo dúró.
Mo tún gbé méjì, mo fọwọ́ lé orúnkún
bí arúgbó tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.
Wọ́n ti kìlọ̀ olè fún mi, wọ́n kìlọ̀ omi ẹ̀rọ;
kò sẹ́ni tó sọ pé lórí òkè yìí
èémí gan-an a máa wọ́n lọ́jà.

Hilaria Ccopa rí mi, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn lámà rẹ̀,
ẹran ọlọ́rùn gígùn tó ń wo ènìyàn
bí ẹni pé gbogbo wa la jẹ ẹ́ lówó.
Ó to ewé kóka mẹ́ta léra, ó nà án sí mi,
ó fìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀:
ibẹ̀ ni kó o fi sí, má gbé e mì.
Sípáníìṣì tèmi kò tó ra iyọ̀,
tirẹ̀ náà, ọjà nìkan ló ń ná;
a fi ìka parí èyí tó kù.

Nílé wa, ọ̀dùnkún ni ọ̀dùnkún ń jẹ́.
Níbí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ:
ọ̀kan pọ́n bí ogbe àkùkọ, ọ̀kan tẹ̀ bí ìwo,
ọ̀kan sì wà, gbogbo ara rẹ̀ kìkì kókó,
tí ọ̀bẹ kì í mọ ọ̀nà gbà lára rẹ̀.
A-mú-ìyàwó-sunkún ni wọ́n ń pè é.
Ìyàwó tuntun jókòó, ó ń bó o,
ìyá ọkọ jókòó, ó ń wo èèpo.
Mo rẹ́rìn-ín títí èémí fi tún tán lára mi.
Ìgbà náà ni Hilaria rẹ́rìn-ín tirẹ̀,
ó ní òun ti sun ẹkún tòun, ó ti di ọdún méjìlélógún.

Èyí tó dúdú, tó fúyẹ́ bí ìkarahun ìgbín,
òtútù òru ló sè é.
Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko kí yìnyín gbá a mú,
láàárọ̀ wọ́n fẹsẹ̀ lásán tẹ omi rẹ̀ dànù,
oòrùn gba ìyókù.
Mo rántí ìyá mi àti èlùbọ́ lórí àpáta.
Ibi gbogbo tí ebi bá ti mọ̀nà ilé,
wọn a máa sá nǹkan sóòrùn.

Nicanor gòkè wá láti àfonífojì pẹ̀lú àgbàdo.
Owó kò yọjú. Igbá kan, igbá kan.
Nígbà tó fẹ́ dìde, Hilaria bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e,
ó ní: yapa.
Mi ò wá ògbufọ̀. Èènì ni.

Ọ̀sán ni mo dé Raqchi.
Ògiri ọba ga ju ohun tí ọrùn mi lè gbé,
òkúta nísàlẹ̀, amọ̀ lókè,
àwọn òkúta náà sì fara mọ́ra
tí abẹ fẹ́lẹ́ kò fi lè dá sí ọ̀rọ̀ wọn.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àká roboto wà,
níbi tí ìjọba kan kó oúnjẹ ọdún ọ̀dá sí.
Ìjọba lọ. Ọ̀dá ṣì ń wá.
Nínú àká kan, ọmọbìnrin kan so ọ̀dọ́ àgùntàn mọ́lẹ̀
nítorí atẹ́gùn.
Luzmarina lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Ó bi mí pé: òkè tiyín ńkọ́?
Mo ní òkè tiwa kúrú,
ṣùgbọ́n ó gba àwọn baba wa mọ́ra nígbà ogun.
Ó mirí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti mọ̀.
Ó ní: ta ló ń fún un lóúnjẹ báyìí?

Mo wo àgùntàn. Àgùntàn wò mí.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gun òkè wa,
mo wà ní kíláàsì kẹrin,
mo fi ìṣó kọ orúkọ mi sí i lára.

Bọ́ọ̀sì Sicuani fọn fèrè lójú títì.
Mo sáré.
Ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo dúró.